Láti Ojúlé Dé Ojúlé Ni Bàbá Àgbà Ti Kó Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Jẹ

Bí Bàbá àgbà mi bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kì í tètè tú ọ sílẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń kí ara wọn, yóò di ọwọ́ ẹni tó wá kí i mú, yóò fi ìka méjì wá iṣan ọrùn ọwọ́ onítọ̀hún, yóò sì gbé ojú sókè bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan lókèèrè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á dúró jẹ́ẹ́. Àwọn àlejò á máa wò mí bóyá kí n gba àwọn sílẹ̀, èmi á sì máa wo ilẹ̀. Mo wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa títí mo fi mọ gbogbo táìlì tó ti sán níbẹ̀. Bí iṣan náà bá ń lù déédé, Bàbá àgbà á ní, "Tìẹ dáa, máa lọ." Bí kò bá lù déédé, ẹni náà ti di tiwa nìyẹn, ó di dandan kó tẹ̀ lé wa délé wá gba ẹ̀kọ́.

Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, nínú ilé tó kọ́ sí Yábàá nígbà tó ṣì ń ṣe tíṣà. Ọjọ́ ogbó ló mú un lọ, a sì dúpẹ́. Nígbà tí a ń múra ìsìnkú, Dádì mi pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Bàbá àgbà àti Bàbá Títí, ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi iyì sin bàbá yìí," ló wí. A gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò sọ yẹn ni mo fi ń rántí rẹ̀ jù. Ojú tì mí nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ní báyìí, pé a gbé e pamọ́ ló ń tì mí lójú.

Ìṣirò ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kì í ṣàìsàn. Bí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sọ nípa ẹ̀yìn dídùn àti ìtọ̀ ṣúgà, ńṣe lá máa wò wọ́n bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tí àìsàn wá máa bẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló gbà wọlé. Ó ń ka Bíbélì lọ́wọ́ nínú ìpàdé àdúrà, ó ṣàdédé jókòó, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan ń da ẹ̀pà sínú páànù nínú òun lọ́hùn-ún.

Ní ọsibítù, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn náà, ẹ̀rọ náà sì ya ìlà sórí ìwé. Dókítà tó wò ó, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, fi hàn wá pé àlàfo àárín àwọn ìlà náà kò dọ́gba. Ó ní ọkàn tó bá ń lù báyìí kì í ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dúró síbẹ̀ kó dì, kó sì fa rọpárọsẹ̀. Orúkọ tó pe àìsàn náà gùn, kò sì sí ẹni tó rántí rẹ̀ nígbà tí a fi máa délé. Ségesège ni àwa sọ ọ́. Dókítà kọ oògùn méjì fún un, ọ̀kan kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, èkejì kí ọkàn má baà máa sáré. Lẹ́yìn náà ló tó kan oúnjẹ: kó dín iyọ̀ àti mágí kù, kó fi ọtí àti obì sílẹ̀, kó máa rìn, kó máa sùn lásìkò. Nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé èròjà pọtásíọ́mù àti magnísíọ́mù ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ní kó máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀wà àti ẹ̀pà, kó sì máa mu omi àgbọn. Bàbá àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ bí ẹ̀kọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn bí èébú.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ra oògùn náà, ó ní kí n bá òun tú u kúrò nínú páálí, kí n dì í sínú ọ̀rá, kí n sì kó ọ̀rá náà sínú agolo mílíìkì kan tó ti wà ní ilé tipẹ́. Ẹ̀yìn ìwé orin ló ń gbé agolo náà sí. Èmi ni mo ń bá a ra oògùn, torí èmi ni mò ń bá a gbé. Ní Ojúẹlẹ́gba ni mo ti ń rà á, kí ẹni tó mọ̀ wá ní Yábàá má baà rí mi. Bó bá fẹ́ lò ó, á kẹ̀yìn sí mi, bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Mo bi í lọ́jọ́ kan ohun tó ń bà á lẹ́rù. "Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "gbogbo àdúgbò yìí ló mọ̀ mí sí ẹni tí kì í gbé oògùn mì."

Oúnjẹ ní tirẹ̀ kò ní ìkọ̀kọ̀ kankan. Ariwo ni. Ó ń gbé kúlà oúnjẹ tirẹ̀ lọ sí òde ìsọmọlórúkọ, á gbé e lé orí tábìlì níwájú àwọn àlejò, á ṣí i, ẹ̀wà tí kò ní iyọ̀ á sì wà níbẹ̀. Àwọn tó pè wá á máa bi mí bóyá àwọn ti fi ìyà jẹ wá rí. Nígbà tí Àǹtí Bísí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá kí i láti Sùúrùlérè, tó sì dáná fún un, ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Bísí, mágí mélòó lo fi sí i?"

"Dádì, díẹ̀ ni. Kí ó lè dùn ṣá."

"Ìwọ ló máa dùn mọ́ lẹ́nu. Èmi ni àyà mi máa já lẹ́yìn rẹ̀."

Àǹtí Bísí bínú, ó gbé ìkòkò náà lọ sílé. Ó pẹ́ kó tó tún dáná nílé wa. Ẹ̀fọ́ pàápàá ní òfin tirẹ̀. Ìwọ̀n abọ́ kékeré kan ló ń jẹ lójoojúmọ́, kì í fi kún un, kì í sì í pa á jẹ. Àwọn ènìyàn rò pé ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì yẹn ló fà á. Dókítà ti kìlọ̀ pé bó bá ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ lónìí tó sì pa á tì lọ́la, oògùn náà ò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá yìn ín pé ó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kò jẹ́ sọ pé rárá.

Láràárọ̀ ló ń rìn lọ sí Jíbówú àti bọ̀, pẹ̀lú bàtà kánfáàsì funfun àti fìlà. Àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ níbẹ̀ ti sọ ọ́ di eré. "Bàbá, Àkúrẹ́ àbí Bìní? Ẹ̀yìn nìkan ló kù o!" Wọ́n mọ̀ pé kò lọ ibì kan. Mo bá a rìn lọ́jọ́ kan, ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, torí ńṣe ló dúró láàárín àwọn báàgì èrò, ó di ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ mú, ó sì wá iṣan rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti mu ohun tó mu láàárọ̀ kùtùkùtù. Bàbá àgbà wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, máa mu omi."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀kọ́ máa ń wáyé ní fàráńdà wa. Pátákó ìkọ̀wé kan wà lára ògiri, èyí tó fi ń kọ́ wa ní ìṣirò nígbà tí a wà ní kékeré. Ibẹ̀ ló ń kọ orúkọ àwọn èròjà sí, á fi ìlà tọ́ka láti ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ara ọkàn, ọkàn tó ń yà sì máa ń jọ iṣu. Ẹni tó ń wá kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Múfú, télọ̀ kan tí Bàbá àgbà kọ́ ní kíláàsì nígbà kan, ń wá láti Muṣin. Ìyá kan tó ń ta okùn ń wá láti Oto. Wọ́n á mú ọmọ wá, wọ́n á mú ẹ̀gbọ́n wá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru àti ẹni tí kò rí oorun sùn. Bàbá àgbà á gbá àyà rẹ̀. "Ẹ wò mí! Ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi àgbọn, ẹ̀fọ́, ìrìn. Kò sí nǹkan mìíràn."

Inú ilé ni mo máa ń wà, tí mò ń bu ẹ̀pà sí abọ́ fún àwọn àlejò. Bó bá sọ pé kò sí nǹkan mìíràn, etí mi á gbóná. Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìwé orin.

Iwájú gbágbá ni Bàbá Títí máa ń jókòó sí. Akọ̀wé rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì, Èbúté Mẹ́ta ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó ju Bàbá àgbà lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "Tíṣà" ló ń pè é, "ẹ" ló sì ń bá a sọ, torí Bàbá àgbà ló kọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ ní ìwé. Nǹkan kan kò sí tí Tíṣà sọ tí Bàbá Títí jiyàn. Kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀, oògùn sì wà tí ọsibítù ní kó máa lò. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Tíṣà, wọ́n ní kí n jìnnà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi àgbọn o. Wọ́n ní kíndìnrín mi ò lè gbé e."

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹ̀? Ohun tí Ọlọ́run dá? Bàbá Títí, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pa?"

Gbogbo fàráńdà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Títí náà rẹ́rìn-ín, ara tù ú. Nígbà tó ń lọ sílé, ó ra odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà wa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó rẹ̀ pè wá pé ó ti ṣubú, pé wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá àgbà wọ aṣọ kíákíá. Kí n tó ti ilẹ̀kùn, ó ti ra ohun tí a máa fi kí aláìsàn: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá, àti àgbọn tí wọ́n ti bó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e wọ wọ́ọ̀dù. Dókítà wà níbẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún Màmá Títí pé ọkàn nílò pọtásíọ́mù, ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń da àṣejù rẹ̀ nù. Bí kíndìnrín bá ti ṣàárẹ̀, àṣejù náà á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ó ní díẹ̀ ló kù kí ọkàn Bàbá Títí dúró. Ó ní oògùn rẹ̀ pàápàá, ó ti pa á tì.

"Ta ló ní kí ẹ máa jẹ ẹ́, Bàbá?" dókítà bi í.

Bàbá Títí di ojú. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Màmá Títí ló yí padà, ó wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ Bàbá àgbà, ó gbà á, ó gbé e jáde.  Mo ní bí ilẹ̀ bá lè là, kó là. Bàbá àgbà dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síwájú bí ẹni tó ṣì gbé nǹkan dání.

Kò sí ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ó ní kí n sọ fún àwọn tó wá pé òun ń sinmi. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pa pátákó náà rẹ́ fúnra rẹ̀, ó dé fìlà, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbé agolo yẹn wá. À ń lọ sí Muṣin."

Mo rò pé ara rẹ̀ ò yá ni. Nígbà tí a dé ìsọ̀ Múfú, ó ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dá ẹ̀rọ dúró, gbogbo wọn ń wò wá. Ó ṣí agolo náà, ó nà án sí Múfú.

"Oògùn ọkàn nìyí. Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó. Mò ń lò ó ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ fún yín pé kò sí nǹkan mìíràn. Oúnjẹ ràn mí lọ́wọ́, mi ò purọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ara tèmi ni wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ ọ́ fún mi. Wọn ò yẹ tìẹ wò. Padà lọ bá dókítà ẹ."

Múfú wo agolo, ó wo Bàbá àgbà. "Ẹ nà mí ní kíláàsì, sà, nítorí irọ́."

"Mo rántí," Bàbá àgbà wí.

 A jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà pé kí á máa fi fóònù pe àwọn tó kù. Ó ní ṣé fóònù lòun fi kọ́ wọn ni? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kiri, láti ojúlé dé ojúlé, èmi ni mo gbé agolo dání, tí mo ń fi orí mi pamọ́ sínú ìborùn. Ní Oto, ìyá olókùn rẹ́rìn-ín sí i lójú, ó pe àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí Tíṣà ń wí. Bàbá àgbà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà lè gbọ́. Ẹnì kan ní kó máa lọ, pé òun mọ̀ pé àgbà ń dà á láàmú. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Dádì mi, ó pè láti ibi iṣẹ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Dádì, kí lẹ ń bá kiri? Ṣé ẹ fẹ́ sọ wá di ẹlẹ́yà ni?" Bàbá àgbà ní, "Èmi ni mo di ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin ẹ jókòó sílé."

Mo mọ̀ pé ilé Bàbá Títí ló fi sí ìkẹyìn, torí òun ló ń bà á lẹ́rù jù. Wọ́n ti dá Bàbá Títí padà sílé nígbà náà. Màmá Títí ṣí ilẹ̀kùn fún wa, ó rí ẹni tó wà níbẹ̀, ó kàn di ilẹ̀kùn mú. Bàbá àgbà bọ́ fìlà. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí àwọn ayálégbé ń kọjá pẹ̀lú garawa omi. Mo kọjú sí ògiri. N kò lè wò ó.

"Ẹ dìde ńbẹ̀ yẹn, Tíṣà," Màmá Títí wí. Ohùn rẹ̀ ò le, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́. "Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀. Ó kọ oògùn. Títí sunkún, ó kọ̀. Ó ní àwọn ọsibítù kàn fẹ́ ba orúkọ yín jẹ́ ni. Àná ni mo bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀. Tó bá tún jẹ ẹ́, ó máa kú."

Ìgbà náà ni mo rí ẹ̀rù lójú Bàbá àgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Muṣin, kò rí bẹ́ẹ̀ ní Oto.

Bàbá Títí jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ti gbẹ lójú. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí wa. "Tíṣà! Mo sọ fún wọn pé ẹ máa wá."

Bàbá àgbà jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kíndìnrín bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Bàbá Títí mi orí. "Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ yín ló ń jẹ́ kí ẹ gbà fún wọn." Bàbá àgbà ṣí agolo, ó fi oògùn hàn án. Bàbá Títí tún rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti fún ẹ̀yin náà? Ẹ má dá wọn lóhùn, Tíṣà. Oúnjẹ nìkan ló gbé yín dìde. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ò lè purọ́ fún mi."

Màmá Títí gbé ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá àgbà gbé agolo náà sílẹ̀.  Ó ti sọ ọ́ ní ojúlé púpọ̀ pé òun lo oògùn, pé òun ṣì wọ́n lọ́nà, pé òun ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò tíì fi pe ara rẹ̀. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe ń na ọmọ lẹ́gba nílé ìwé.

"Mo purọ́ fún yín," ó wí. "Kì í ṣe àṣìṣe, Bàbá Títí. Mo mọ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́. Òpùrọ́ ni mí. Ojú ló ń tì mí láti lo oògùn, mo wá fi ìtìjú mi pa yín díẹ̀díẹ̀."

 Bàbá Títí ń wò ó, ẹ̀rín náà sì ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wò ó títí ojú mi fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn.

"Gbé oògùn yẹn wá."

Màmá Títí sáré gbé e wá pẹ̀lú omi. Bàbá Títí jù ú sẹ́nu, ó mu omi lé e, ó gbé ife sílẹ̀ lórí fèrèsé. Kò pe Bàbá àgbà ní Tíṣà mọ́.

"Sámúẹ́lì," ó wí, "máa lọ sílé. Ó rẹ̀ mí."